Ìwádìí Ọkọ Lórí Pápá Iyọ̀

                                                  Ilé Kọkànlélógún, Àjà Kẹta,
                                                  Ẹ̀yìn Rye Lane,
                                                  Peckham, London.
                                                  Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Mìsítúrà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Sàká,

O kú àtijọ́ o. O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o kírun ní ìdúró? Sàká ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Adìẹ tó o ní ó ń jẹ ẹyin ara rẹ̀ ńkọ́, ṣé o ti pa á? Èmi wà dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dáúdà ọmọ mi ní kí n kí ọ. Òtútù ti ń yọjú níbí, àmọ́ mi ò bẹ̀rù ẹ̀ mọ́. Ibi tí mo ti ń bọ̀, òtútù Peckham, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tibẹ̀.

Hameedah ọmọ Dáúdà ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn án. Ó sì kàn án gan-an.

Mìsítúrà, mo ti lọ sí Bolífíà. Má rẹ́rìn-ín. Orílẹ̀-èdè kan ni, ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló wà. Wàá wọ bàálù títí ìdí rẹ á fi kú, wàá bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n á ní ó ku òmíràn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Hameedah mú ọmọkùnrin kan wálé, Waris ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Forest Hill ni wọ́n ń gbé, bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná ló ń tún ṣe. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ wá, Dáúdà fi mọ́tò gbé e padà dé Forest Hill. Ọmọ bọ́ọ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Daddy, ẹ ṣeun o. Àmọ́ táyà ẹ̀yìn yín ti jẹ tán, ẹ má gbé e lọ ojú motorway." Háà! Dáúdà délé, ó ń fò sókè fò sódò. Ó ní ọmọ tí ò tíì gba ìyàwó ló ti ń yẹ táyà àna wò. Ó ní ọmọ yẹn ò mọ àgbà, òun ò fún un lọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì rọlẹ̀ tí Hameedah fi sọ pé òun àti Yéwándé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti Waris fẹ́ lọ wo aṣálẹ̀ kan tó wà lórí òkè, àti pápá iyọ̀. Dáúdà ní, "Pẹ̀lú ọkùnrin tí mi ò fọwọ́ sí? Lórúkọ kí ni?" Ni mo bá dá sí i. Mo ní, "Dáúdà, rọra. Láyé àwa, ṣé a kì í ṣe ìwádìí ọkọ ni? Jẹ́ kí n bá wọn lọ. Bí mo bá dé tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, o gbà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ tán." Ó gbà, torí ó rò pé ẹ̀rù bàálù á bà mí. Hameedah sunkún. Ó ní, "Grandma, it's my holiday!" Mo ní kó bá mi wá bùláńkẹ́ẹ̀tì mi.

Jíìpù ni wọ́n fi gbé wa. Dẹ́rẹ́bà wa, Hilario, ewé kan ló ń jẹ lójoojúmọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn. Èmi ń sọ Yorùbá fún un, òun náà ń fi tiẹ̀ dá mi lóhùn, a sì jọ ń jiyàn dáadáa. Àárín ni mo jókòó sí lẹ́yìn, Hameedah lọ́tùn-ún, Waris lósì. Èmi ni ògiri. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, orí gèlè mi ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, mo sì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí a dé ibi iyọ̀ yẹn, Mìsítúrà, ẹnu mi ò lè pa dé. Iyọ̀ tẹ́ lọ bí òkun, ojú ò tó òpin rẹ̀. Ilé tí a wọ̀ sí, ògiri rẹ̀ iyọ̀ ni, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ iyọ̀ ni. Mo fi ahọ́n kan ògiri, kí n mọ̀ bóyá wọ́n ń purọ́ fún mi. Wọn ò purọ́. Mo rántí ìyá mi tó nà mí torí pé mo da iyọ̀ ṣíbí kan ṣoṣo nù. Ká ní ìyá mi dé ibẹ̀, ẹkún ni wọn ì bá sun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó síta, mo ń yá oòrùn. Waris wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyọ̀, ó na gbogbo ara tán pátápátá. Àwọn òyìnbó kan wà nítòsí. Fótò oríṣiríṣi ni wọ́n máa ń yà níbẹ̀, wọ́n á sùn lé iyọ̀ kí wọ́n lè mú kí èèyàn rí bíńtín lójú fótò. Wọ́n rí Waris nílẹ̀, wọ́n rò pé fótò náà ni. Ọ̀kan sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn náà sùn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìlà òyìnbó ti dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, tọkùnrin tobìnrin! Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ṣàdúrà fún gbogbo wọn. Mo ní ẹ ó dàgbà, ẹ ó dogbó, ẹ dìde. Nígbà tí Waris dìde, iwájú rẹ̀ funfun bí ẹja tí wọ́n yí ní fúláwà tí ò tíì dénú epo. Mo fún un ní máàkì kan lọ́kàn mi. Mi ò sọ fún Hameedah.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá ń gun òkè. Òkè yẹn ga débi pé èémí ò tó. Bí mo bá sọ̀rọ̀ mẹ́ta, màá sinmi. Yéwándé ní òun ò gbádùn ìrìn àjò tó báyẹn rí. Omi pupa wà níbẹ̀, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn dúró sínú ẹ̀ bíi pé wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì. Ẹranko kan tún wà tí wọ́n ń pè ní láámà, ọrùn rẹ̀ bí ti ràkúnmí, ojú rẹ̀ bí ti ìyá ọkọ tí ìyàwó ò kí.

Ibi tí a sùn sí lórí òkè ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọbẹ̀ wọn ò ní ata, ó ti sú mi. Mo ti gbé ẹ̀wà olóyin láti Rye Lane, lọ́dọ̀ Ọláoyè tó ń ta oúnjẹ, mo gbé ata gígún àti epo. Obìnrin tó nilé yá mi ní gáàsì. Mo gbé ẹ̀wà kaná lẹ́yìn ìrun alásárì. Omi ń hó, ó ń fò, ẹ̀wà ò dá a lóhùn. A kí màgàríbà, ẹ̀wà ṣì le bí òkúta. Mo ní Ọláoyè ti pa mí, ó ti ta ẹ̀wà tí bàbá rẹ̀ tà kù fún mi. Mo gba fóònù Hameedah, mo sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: "Ọláoyè! Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ẹ̀wà lo tà fún mi ni àbí kọ́ńkéré?" Mo sọ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Hameedah kò gbọdọ̀ kọ ọ́.

Ìgbà tó yá, mo bù ú fún wọn. Yéwándé ní, "Grandma, this is banging, wallahi," ẹnu rẹ̀ sì ń dún kàkà-kàkà bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àgbàdo gbígbẹ. Hameedah ní, "Ó dùn gan-an, Grandma," ó ń fi omi gbé e mì bí oògùn. Hilario rọra gbé tiẹ̀ fún ajá. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó kọjá lọ. Waris nìkan ló gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀wà yìí ò jinná. Ẹ má jẹ ẹ́, inú á run yín."

Hameedah fẹ́ fẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ mi ló gbá. Mo ní lọ́kàn mi pé Dáúdà ò parọ́, ọmọ yìí ò mọ àgbà lóòótọ́. Mo ní, "Ọmọ Ìlọrin, ẹ̀wà tí mo ti ń sè kí wọ́n tó bí bàbá ẹ?" Mo jẹ tèmi tán. Kó lè dùn ún, mo tún bù sí i.

Mìsítúrà, ilẹ̀ mọ́. A wọ jíìpù, a bọ́ sí aṣálẹ̀. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo wo ọ̀tún, iyanrìn. Mo wo òsì, iyanrìn. Kò sí igi, kò sí koríko, kò sí àpáta tó lè bo adìẹ. Mo gbá Hilario léjìká, ó rò pé òkè ló wù mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nàka sí i. Mo wá pariwo. Inú rírun ò ní ògbufọ̀, ó yé e lójú ẹsẹ̀, ó tẹ búréèkì. Àwọn jíìpù tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa náà dúró, wọ́n rò pé nǹkan wà láti wò! Àwọn òyìnbó ti ń bọ́ọ́lẹ̀ tàwọn ti fótò.

Waris ló já bùláńkẹ́ẹ̀tì gbà lọ́rùn mi. Ó fún Hameedah ní etí kan, ó fún Yéwándé ní ìkejì, ó ní kí wọ́n fi ṣe ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù. Òun alára lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó gbé orin wákà sókè. Mìsítúrà, ọmọ náà ò lóhùn orin rárá. Àmọ́ ó pariwo débi pé ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ohun mìíràn. Àwọn òyìnbó rò pé ayẹyẹ kan la ń ṣe, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi wà lẹ́yìn bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo ń jìyà, mo ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rìn, tí a tún ń dúró, títí dìgbà tí oòrùn rọ̀.

Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún mi. Èmi wá ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Mo ń retí kó sọ pé, "Màmá, ṣebí mo sọ fún yín?" Kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn ló ń sọ. Mo ní bóyá ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ mọ́, kò sọ ọ́. Nígbà tí a dé London, Dáúdà wá pàdé wa, ó ní, "Ṣé Màmá ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu?" Àyè gbà á wàyí. Ọmọ náà ní, "Rárá o, Daddy. Màmá ṣe ju gbogbo wa lọ." Mo wo ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú sí mi.

Inú bàálù ni Yéwándé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní sáyẹ́ǹsì, ti sọ fún mi pé níbi tó ga bẹ́ẹ̀, omi máa ń hó kó tó gbóná dáadáa, bí mo bá sè é dọ̀la, ẹ̀wà ò ní rọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Grandma, ẹ̀rù yín ń bà mí." O rí i? Mo yáa bẹ Ọláoyè lórí fóònù. Ó ní òun ò tíì gbọ́ ti àkọ́kọ́, àmọ́ òun máa lọ gbọ́ ọ báyìí. Mi ò tíì gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá látìgbà náà.

Dáúdà ń bi mí lójoojúmọ́, mo ń sọ fún un pé àgbà kì í kánjú. Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni màá dá a lóhùn. Ìwọ mọ ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òótọ́ kan tó sọ fún mi lọ́dún tí a dé London, ó fi ń rán mi létí títí tó fi kú. Ọkọ tìrẹ, ó máa ń dákẹ́ títí nǹkan á fi bàjẹ́. Ọmọ yìí sọ òótọ́ fún mi kí n tó jẹun, ó mọ̀ pé òun lè pàdánù ìyàwó sí i. Nígbà tí òótọ́ náà wá bá mi lójú ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí màá sọ fún Dáúdà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni.

Hameedah ti dáwọ́ dúró. Ó ní, "Grandma, ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí, ẹ ń jẹ́ kí n máa ṣàìsùn?" Mo ní kó máa kọ̀wé lọ. Ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Mo ní kó má da omi sórí ìwé mi, owó ìfìwéránṣẹ́ ti wọ́n jù.

Ó ku ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ, Mìsítúrà. Bá mi lọ sí Ìlọrin, sí agboolé bàbá Waris, kó o béèrè wọn wò. Bó bá jẹ́ olè tàbí àìsàn ìdílé, pè mí kíákíá. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń jà lórí ilẹ̀, tàbí pé ẹnu wọn mú, fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó o máa bọ̀. Mo ti fọkàn fún un lọ́mọ tán.

Bá mi kí Sàká, kí ìyàwó rẹ̀, gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Kí gbogbo ẹgbẹ́ wa tó ṣì wà láyé.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní pààrọ̀ rẹ,
Nímọ́tà, Ìyá Dáúdà.