Òkùnkùn Òwu àti Ṣúgà Ojú Ọ̀run

Àbámẹ́ta, 14 Fẹ́búárì

Ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, níwájú ilé Alága, Bàbá Ọ̀jẹ̀níyì. Tiransifọ́má tó jó lóṣù tó kọjá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu wọn. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì iná. Èmi ni akọ̀wé, mo ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sì sẹ́lòmíì tó fẹ́ lọ tò síbẹ̀. Mo kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Àfúsá, opó tó ń ta omi dídì àti sóbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì kó lè dá a lójú. Ọjọ́ Ajé ni kí n mú un lọ.

Ohun tí mi ò sọ ní ìpàdé: láti ìgbà tí iná ti lọ ni mo ti ń gbádùn. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Epo ti wọ́n, kò sẹ́ni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú mọ́. Bó bá ti di aago mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, òkùnkùn á ṣú bo Òwu biribiri, ìràwọ̀ á wá pọ̀ débi pé mi ò ní mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ wò.

Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ jáde. Ọgbọ̀n nǹkan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n wà lókè réré, lẹ́yìn oṣùpá, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ń bá oòrùn rìn. Àwọn agbo ìràwọ̀. Àwọn èéfín tí ìràwọ̀ ti ń bí. Àwọn ìlú ìràwọ̀ tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí odindi wọn fi dà bí ìgbà tí ẹni tó jẹ àkàrà fọwọ́ kan gíláàsì. Nígbà tí iná wà, ọdún mẹ́rin ni mo fi rí mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òkùnkùn — mo ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ó ku mẹ́rin.

Ọjọ́ Ajé, 16 Fẹ́búárì

Mi ò lọ. Òjò kò rọ̀, ara mi kò sì rẹ̀. Mi ò kàn lọ ni.

Lánàá mo gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gun orí dẹ́kì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni awò mi, èyí tí wọ́n fi ń wo òkèèrè. Láàárín ìkòkò tòkunbọ̀ ni mo ti rà á ní Láfẹ́nwá. Ẹni tó tà á fún mi ní ó dára gan-an fún ṣíṣọ́ àwọn ayálégbé. Dẹ́kì ni òkè ilé wa tí kò tíì lórí, irin ṣì yọ síta lára rẹ̀. Ìjọba ló ní òun máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e láti ọdún 2009. Ìjọba ni ọkọ mi, Alhaji Abdulbaqi. Mo ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ìlérí.

Mo rí ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n: Kàrínà, èéfín ńlá apá gúúsù. Mo wò ó títí ọrùn mi fi ń ro mí. Mo sọ fún ara mi pé lẹ́tà kì í ṣe ẹja, kò ní rà.

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo jí ní aago mẹ́ta òru, mo wọ híjáàbù funfun, mo ká ẹní mi — sìmẹ́ńtì dẹ́kì máa ń tutù wọ egungun — mo gòkè. Mo rí ìkejìdínlọ́gbọ̀n, ìlú ìràwọ̀ kan. Wọ́n ní ó dà bí fìlà. Lójú tèmi, fìlà tí ẹnì kan jókòó lé ni.

Àfúsá ń dá iná sàárì lẹ́yìnkùlé, ó sì rí mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ìkúnlẹ̀ tó ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ó ní, “Alhaja, mo rí yín lóru. Ẹ̀ ń bá wa bẹ Ọlọ́run nítorí iná yìí.”

Mo ní, “Àmín.”

Kí ni mo ń ṣe àmín sí?

Jímọ̀, 20 Fẹ́búárì

Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Bí mo ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, àwọn ọkùnrin yà fún mi lọ́nà. Obìnrin kan ní kí n fọwọ́ kan orí ọmọ òun. Mo fọwọ́ kàn án. Ooru mú ọmọ náà.

Bàbá Ọ̀jẹ̀níyì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ odindi ìtì kan ránṣẹ́. Ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, ẹni tó bá ń fi òru bẹ̀bẹ̀ nítorí tiransifọ́má, òun wà lẹ́yìn onítọ̀hún. Nígbà tí a pàdé lójú ọ̀nà, ó béèrè lẹ́tà. Mo ní ó wà lọ́nà. Irọ́ kọ́: lẹ́tà wà nínú báàgì mi, báàgì wà léjìká mi, ojú ọ̀nà sì ni èmi àti Bàbá dúró sí.

Ẹnu tó ń gbààwẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 22 Fẹ́búárì

Ìkùukùu. Mi ò rí nǹkan kan. Lẹ́tà wà níbi tó wà.

Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Firísà Àfúsá ti di àpótí aṣọ. Ní báyìí, Ìgbẹ́ìn ló ti ń lọ ra omi dídì láàárọ̀, á gbé e sínú kúlà, á gun ọ̀kadà bọ̀. Kó tó dé, ìdajì ti di omi lásán. Ó ní oṣù ààwẹ̀ lòun fi ń bọ́ ara òun títí Iléyá á fi dé, nítorí pé ní oṣù yìí nìkan ni gbogbo ayé ń wá omi tútù ní ìṣẹ́jú kan náà. Kò sunkún o. Ó kàn ń sọ ọ́, ó ń fa gèlè rẹ̀ le.

Nígbà tí a fẹ́ ṣínu, ó na omi tútù ọ̀rá kan sí mi. Ó kọ̀, kò gbowó. Ó ní ti ẹni tó ń bá àwọn ṣàdúrà ni. Mo mu ún. Ó tutù dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ mọ́ínmọ́ín tó wà níwájú mi, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín.

Ojú tì mí, àmọ́ mo gòkè. Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n: ìlú ìràwọ̀ ńlá kan tó na apá mú kékeré kan mọ́ra. Mo sọ ọ́ ní Abiyamọ.

Ọjọ́rú, 25 Fẹ́búárì

Ooru ti lé Ìjọba kúrò ní yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn sí, ó ń fi kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá fẹ́ ara rẹ̀. Ìléròrò ooru ti yọ sí i lọ́rùn. Ó ní, “Tíṣà, lẹ́tà yẹn ńkọ́?” Mo ní ọ̀la. Ó ní òun mọ ọ̀la dáadáa, òun lòun kọ́ mi.

Ó ku ẹyọ kan péré. Òmégà Sẹntáọ́rì ni wọ́n kọ sínú ìwé. Agbo ìràwọ̀ tó tóbi jù lọ nínú gbogbo agbo tó yí wa ká ni, àìmọye ìràwọ̀ tó gúnra wọn jọ. Apá gúúsù ló wà. Bí iná bá wà, gílóòbù gbogbo ìsàlẹ̀ Òwu ló máa ń bò ó. Bí oṣùpá bá tún dàgbà sí i, ó di ìgbà míì. Ọ̀la tàbí ọ̀tunla ni, lẹ́yìn tí oṣùpá bá wọ̀, kí wọ́n tó jí fún sàárì.

Bí mo bá ti rí i, mo mú lẹ́tà lọ. Mo ti búra. Ìwé yìí nìkan ló gbọ́ o.

Àlàmísì, 26 Fẹ́búárì

Aago mẹ́ta ààbọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ tónítóní. Mo darí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí gúúsù, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, mi ò rí i, mi ò rí i — ó wá bọ́ sójú awò lójijì. Ṣúgà! Bí ìgbà tí odindi páálí ṣúgà bá dà sórí aṣọ dúdú, tó ga láàárín, tó fọ́n ká létí. Mo sunkún. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, lórí dẹ́kì tí kò lórí, mo ń sunkún nítorí ṣúgà. Ọgbọ̀n pé.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àfúsá ni, pẹ̀lú ẹní àti tẹ̀sùbáà. Ó ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí pé kò dáa kí n máa nìkan bẹ Ọlọ́run fún gbogbo àdúgbò, òun wá ràn mí lọ́wọ́. Ó wá rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó wò ó. Ó wò mí. Ó béèrè bóyá ìbọn ni.

Mo ní kó fojú sí i.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó béèrè ohun tó jẹ́, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: ìràwọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ oòrùn, ibi tí wọ́n wà sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ojú rẹ̀ yìí ti wà lójú ọ̀nà fún ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún ọdún. Kò gbójú kúrò lára awò.

Ó ní, “Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún ọdún, ó sì rí ọ̀nà dé Òwu. Alhaja, tiwa tó wà ní ọ́fíìsì iná níbí, kí ló dá a dúró?”

Kò fi bú mi. Kò mọ nǹkan kan. Ó kàn béèrè ni, ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kọjú sí gábàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kírun. Èmi náà tẹ́ tèmi. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbàdúrà tiransifọ́má lórí dẹ́kì yẹn. Mi ò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Jímọ̀, 27 Fẹ́búárì

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti bá mi ní ọ́fíìsì iná. Kò sí èrò. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì gba lẹ́tà, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Màámà, ẹ kú àbọ̀. Tiransifọ́má yín ti wà ní yáàdì láti ọjọ́ kẹrìndínlógún. Lẹ́tà àdúgbò nìkan là ń retí. A ti ń rò ó pé bóyá ẹ ò fẹ́ iná mọ́ ni.”

Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ọjọ́ Ajé tí òjò kò rọ̀, tí ara mi kò rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì

Iná dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká ṣínu. Ariwo tó sọ! Ìjọba sáré wọ yàrá lọ bá fáànù rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tuntun.

Lẹ́yìn àṣámù, ìrun alẹ́ oṣù ààwẹ̀, Bàbá Ọ̀jẹ̀níyì kó gbogbo wa jọ síwájú ilé rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní àdúrà òru Alhaja Bùsírátù ló gbé tiransifọ́má dé, òun sì fẹ́ kí n gba ipò Alága lọ́wọ́ òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo dìde.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Àdúrà kọ́ ni mò ń gbà lórí dẹ́kì. Ìràwọ̀ ni mò ń wò, òkùnkùn ló sì bá mi lára mu. Lẹ́tà yín wà nínú báàgì mi fún ọjọ́ mọ́kànlá. Èmi ni mo dá iná yín dúró.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ẹ wá wo ìrẹ̀lẹ̀. Ẹlòmíì ní olùjọsìn tòótọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ òsì mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn tó ni wọ́n ń yìn mí tó. Bàbá Ọ̀jẹ̀níyì nu ojú rẹ̀.

Àfúsá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ó ní, “Ọjọ́ mọ́kànlá, Alhaja?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú. Ó ní òun ti ṣínu, kò sí ààwẹ̀ lẹ́nu òun, bí òun bá fẹ́ bá mi jà, òun lè bá mi jà. Ó ní òun kò fẹ́. Ó ní, “Ẹ máa bọ̀ lọ́la. Ẹ wá bá mi ta omi dídì. Láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n á fi kírun àṣámù tán. Ọjọ́ mọ́kànlá.”

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì

Mo jókòó ti firísà láti aago mẹ́fà. Bàbá Ọ̀jẹ̀níyì ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ẹni tí kì í gbààwẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ ara mi mú tòun jáde, nítorí ìbùkún. Mo ní Bàbá, kò sí ìbùkún kankan nínú rẹ̀, omi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ra méjì.

Ìròyìn fò. Wọ́n tò dé ẹnu mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan ti Ìgbẹ́ìn wá. Gbogbo ẹni tó bá dé iwájú mi ni mo ń sọ fún pé èmi kì í ṣe ẹni mímọ́, oníbékebèke ni mí, mo dà yín. Wọ́n ní àmín. Àfúsá dúró lẹ́yìn mi, ó ń kó owó, ojú rẹ̀ le. Kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́, firísà ti gbófo. Ó bojú wo inú rẹ̀, ó bojú wò mí, ẹ̀rín wá pa á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bojú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní bóyá kí á sọ ọ́ di ogún ọjọ́.

Mo ní mọ́kànlá la jọ sọ. Omi dídì ò jẹ́ kí n lè na ìka mi, bírò ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ku mẹ́wàá.