Àfọ́kù Tánganran Lórí Dẹ́kìn

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta
Àpò àfọ́kù tánganran ti di mẹ́rin. Gbogbo onítíì Shahpur, àdúgbò wa, ló ti mọ̀ mí — ife wọn ò ní fọ́ kí wọ́n má pè mí. Funfun nìkan ni mo ń gbà, torí òun ló ń lé oòrùn padà. Tí mo bá fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí dẹ́kìn yàrá wa, oòrùn ò ní ráyè wọlé mọ́. Ooru yàrá yẹn ló fún Pinal ọmọ mi ní gìrì lọ́dún tó kọjá. Kò ní ṣojú mi mọ́ láéláé.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Ẹlẹ́nu-oyin, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ìsàlẹ̀, wá bá mi fọ́ àwo. Àní ó kó àwo ìgbéyàwó tiẹ̀ wá! Ó ní, "Ìyá Pinal, o kú iṣẹ́. Yàrá yìí á mà tutù o." Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹrin
Ọkọ mi ń po sìmẹ́ǹtì, èmi ń tò ó. Ìka mi ti ya tán. Òun ń kọrin.

Ọjọ́bọ̀, 10
Ó tutù! Mo gun àpótí lọ́sàn-án gangan, mo fọwọ́ kan àjà — kò jó mi. Pinal sùn di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19
Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká kó jáde. Jignesh ọmọ wọn fẹ́ gbéyàwó, yàrá wa ni wọ́n máa fún un. Ká kó lọ sí yàrá onípáànù lẹ́yìn. Ẹlẹ́nu-oyin ní, "Má bínú, ẹbí ni wá. Ṣebí o ti mọ̀ ọ́n ṣe, wàá tún ṣe òmíràn." Lórí páànù? Ọ̀dàlẹ̀! Ọkọ mi ní òun náà ò mọ nǹkan kan, ká ṣáà fara dà á. Wọ́n rẹ́ àwa méjèèjì jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 21
Ooru ti sú sí Pinal lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù karùn-ún
Bhavika, ìyàwó tuntun, gbé wàrà kíkan wá fún mi. Ọmọ dáadáa ni, kò mọ ohun tó ń lọ. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, yàrá wa tutù bí abẹ́ igi. Ọkọ yín kúkú ti ṣèlérí ẹ̀ fún bàbá mi nígbà ìtọrọ mi, nínú oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n ní ìyàwó àwọn máa fi tánganran bo òkè ẹ̀ kí n tó wọlé."

Oṣù kìn-ín-ní! N ò tíì ṣa ẹyọ kan nígbà yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ọkọ mi jókòó tì mí tó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á, nítorí Pinal.

Nítorí Pinal!

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí. Ó gbé Pinal lé ẹsẹ̀, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ó ní, "Ara ọmọ yìí mà ń gbóná o."