Kọ́ọ̀sì Kan Péré

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gboyè jáde ní yunifásítì wa wò lónìí. Iṣẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka nìyẹn lọ́dọọdún: kí n to ọdún mẹ́rin ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí ewé kan, kí n ṣírò rẹ̀ kó pé ọgọ́fà yúnìtì, kí n sì rí i pé gbogbo kọ́ọ̀sì dandan pé síbẹ̀. Kọ́ọ̀sì àṣàyàn kì í dípò dandan. Kí ọmọ ní igba yúnìtì, bí dandan kan bá ti sọnù, kò jáde.

Mo dé orí Ẹlẹ́rìn-ín — ọmọbìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kí mi. Yúnìtì mẹ́tàlélọ́gọ́fà. Ó tilẹ̀ lé. Àmọ́ kọ́ọ̀sì ìṣirò ọdún kejì kò sí níbẹ̀. Mo tún un wò. Kò sí. Sáà àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sì ń kọ́ ọ, sáà yẹn ti lọ.

Ọmọ yìí! Kí ló ń wò?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Fọ́ọ̀mù kan wà nísàlẹ̀ fáìlì rẹ̀. Ní ọdún kejì, ó béèrè bóyá òun lè fi àṣàyàn rọ́pò ìṣirò. Ìdáhùn wà lábẹ́ rẹ̀: "Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀." Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Ìwé ìlànà tuntun dé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, fún àwọn tó bá wọlé láti ọdún náà lọ. Mo jù ú sínú dúróà. Ti àtijọ́ ni mo mọ̀ lórí, òun ni mo sì ń tẹ̀ lé — èmi ọ̀gbọ́n-ju-ìwé-lọ! Nínú ti àtijọ́, àṣàyàn ni ìṣirò. Nínú tuntun, dandan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kì í ṣe òun nìkan. Mọ́kànlá. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo sọ fún baálé mi. Ó ní ta ló máa mọ̀, ṣebí ọ̀gá ẹ̀ka wa kì í ka ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, ó kàn ń fọwọ́ sí i ni. Òótọ́ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ iwájú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè fi ọdún kan gbáko kún tiwọn, kí iṣẹ́ tèmi sì lọ.



Ẹtì, ọjọ́ keje

Ẹlẹ́rìn-ín wá. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa wọn aṣọ ìjáde. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ó ní, "Mà, ẹ ò tiẹ̀ kí mi kú oríire?"

Mo kí i. Ọlọ́run dárí jì mí, mo kí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ fún ọ̀gá kó tó jókòó — bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá yẹsẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní olùkọ́ ìṣirò lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìsinmi kọ́ wọn, bí ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì bá gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a máa kọ sí wọn gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe àṣìṣe. Mo kọ orúkọ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kò sí èsì. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ni mo ń dìde.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n gbà! Ẹni tó bá yege á jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi, ìwé ìkìlọ̀. Wọn ò lé mi.

Mo pe àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá jọ, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹnì kan bú mi, mo gbà á. Ẹlẹ́rìn-ín dúró títí àwọn yòókù fi lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo kúkú wá bi, mà. Mi ò dá a ṣe."

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo rò pé ó ti tán. Mò ń lọ aṣọ iléèwé ọmọ mi ni mo rántí àwọn tó máa ń wọlé tààrà sí ọdún kejì. Ọdún mẹ́ta ni tiwọn. Àwọn tó bá ìwé ìlànà tuntun wọlé nínú wọn ti jáde lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo sì yẹ fáìlì wọn wò.

Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo gba ọ́fíìsì lọ. Mẹ́ta ni mo rí tí kò ní ìṣirò. Ìwé ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni tíṣà ọmọ mi.

Kò sẹ́ni tó bi mí. Ọ̀gá ò rántí, ìgbìmọ̀ ò rántí. Kí n kàn ti kábíńẹ́ẹ̀tì yẹn pa, ó parí.

Mo jókòó, mo fa ìwé kan yọ. Mo ya ti àkọ́kọ́ dànù. Mo kọ ọ́ sórí èkejì: "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ó ku mẹ́ta."