Ìkúnlẹ̀ Tí Wọ́n Ní Mo Bà Jẹ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá àti ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n. Mo kí Bùrọ̀dá Délé àti ìyàwó wọn. Ìwé ìròyìn tó ń tẹ àròkọ mi ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, nítorí gbangba ni wọ́n ti ń ba orúkọ mi jẹ́ ní abúlé yìí lẹ́yìn Lálúpọn.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé ọ̀fẹ́ wọn ni àwọn ọmọge abúlé ti ń wá bá mi nírọ̀lẹ́, tí mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè ja ara wọn gbà. Ìjàkadì tí Bàbá kọ́ wa ní kékeré náà ni, òun náà ni mo sì ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ máa ń sọ pé irú iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí obìnrin rí ọkọ. Màmá, ọ̀rọ̀ ọkọ kọ́ ló ń dùn mí. Àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ ló ń dùn mí.

Ràbíátù, ọmọ àgbẹ̀ kan lára àwọn tí mò ń kọ́, ni ọ̀ràn dé bá. Ó ti sọ pé òun ò fẹ́ ọkọ tí wọ́n bá òun yàn mọ́. Ni ìdílé ọkọ bá rán ọkùnrin méjì kí wọ́n gbé e ní tipátipá lójú ọ̀nà odò. Ó ṣe ohun tí mo kọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn. Ọkùnrin wo ló máa di ọmọbìnrin tó ń kí i mú? Wọ́n dẹ ọwọ́. Ó gbá ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú mú, ó fà á, onítọ̀hún ṣubú, apá rẹ̀ sì kán. Kí èkejì tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ náà ti sá délé.

Kì í ṣe apá tó kán ló bí àwọn ará abúlé nínú. Wọ́n ní mo ti ba ìkúnlẹ̀ jẹ́. Bí ọmọbìnrin bá kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà báyìí, kíá ni àgbàlagbà á sún sẹ́yìn. Ká ní ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Lánàá ni wọ́n pè mí síwájú Baálẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́wọ́ pé ohun tí mo ń kọ́ wọn kò dára. Ìdílé ọkọ ti jókòó, wọ́n sì mú aṣọ ìyàwó dání. Bí mo bá jẹ́wọ́, Ràbíátù ló jẹ̀bi nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mú un lọ. Baálẹ̀ bi mí, ó tún bi mí. Mo ní kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, bí mo bá bí ọmọ tèmi, màá kọ́ ọ bákan náà. Ariwo ta. Bàbá Ràbíátù dìde, wọ́n ní àwọn ò ní fi ọmọ àwọn fún ẹni tó fẹ́ jí i gbé. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Níkẹyìn Baálẹ̀ ní kí wọ́n dá ẹrù ìdána padà, ṣùgbọ́n kí èmi kúrò nílùú.

Ẹ má sunkún. Mò ń bọ̀ wálé ní Sátidé, n kò sì tíì mọ ilé ìwé tó máa gbà mí. Ràbíátù ń bá mi bọ̀. Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀ mí, nítorí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kí ọmọ náà kí òun mọ́. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ pàápàá ń sá fún un. Èyí ló ń pa á lẹ́kún ju ti àwọn tó fẹ́ gbé e lọ.

Ọlọ́run á fún Bàbá ní ìlera, á sì jẹ́ kí n bá gbogbo yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ ilé. Bí ọmọ náà bá wọlé, tó kúnlẹ̀ kí yín, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún sẹ́yìn.

Èmi ọmọ yín,
Fọláṣadé