Ẹ Bá Mi Gbèjà Lorna

Ìyáàfin Maxine, olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ kàn ní obìnrin kan láti Rochdale ló kọ̀wé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Glenys ti ń wo eré Tanner's Row lórí tẹlifíṣọ̀n, kálukú nílé ẹ̀. Bí orin ìparí bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pè mí. Lọ́jọ́ Ajé, Lorna inú eré náà di ẹrù ẹ̀, ó fi ọkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ yẹn kì í nà án o, àmọ́ ó máa ń ka iye ìṣẹ́jú tó bá fi lọ ra búrẹ́dì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara ló ń ni ín."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ara wo ló ń ni ẹni tó ń jẹ, tó ń mu? Orí ẹ̀ ti dàrú ni! Ká ní àbúrò mi ni, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún un."

Ìyáàfin Maxine, ọkọ tèmi náà ń ka ìṣẹ́jú. Báàgì mi ti wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé Glenys nìkan ni mo sì lè sá lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, mo bẹ̀ yín, ṣé Lorna jẹ̀bi? Ẹ tètè pe olóòtú, kí ẹ sọ ọ́ kó dún ketekete. Glenys máa ń gbọ́ ètò yìí bí wọ́n bá ń lọ aṣọ.