Ojú Mi Tí O Kùn Láwọ̀ Ewé

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé o sì ń jẹun dáadáa? Àwa wà níbí, a ò rí ibi, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń dùn ún. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ kò ní í sùn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀dà kíkùn tí o lọ kọ́ yìí kò yé mi. Nígbà tí o wọlé, a rò pé kó tó pẹ́, wàá ti lè bá wa kun ilẹ̀kùn. Àfi bí wọ́n ṣe gbé pẹ́ńsù lé ọ lọ́wọ́ ní gbogbo ọdún kìíní, o ń ya ẹyin àti páálí, o ní òjìji ni wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ta ni kò mọ òjìji? Ní ọdún kejì wọ́n fún yín ní ọ̀dà, àwòrán àlùbọ́sà lẹ ń fi í kùn títí àlùbọ́sà fi hù. Bàbá rẹ ní ṣé kò sẹ́ni tó lè sè é ni. Ó ní bó bá jẹ́ àlùbọ́sà lo lọ ń wò, kí o máa bọ̀ nílé, ó pọ̀ lóko òun. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dírẹ́bà ọkọ̀ èrò gbé àwòrán tí o kùn ní kíláàsì ọdún kẹta dé. Mo tú u, mo rí ara mi. Aṣọ mi ni, ìjókòó mi ni, ṣùgbọ́n ojú mi dà bí ewé lápá kan, ó pọ́n lápá kejì. Mo rò pé ilé ìwé yín ti rí àìsàn kan lára mi tí ojú ń tì wọ́n láti sọ. Mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó wò ó, ó wò mí, ó di nǹkan mọ́ mi lápá, ó wo bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń sáré, ó ní kò sóhun tó ṣe mí, kí n lọ bi ọmọ mi. Ìwé pélébé tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé wa ló fà á. Mo ti gbé dígí dúró lójú fèrèsé láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, n kò rí àwọ̀ ewé kankan.

Mo fẹ́ gbé e pamọ́ kí bàbá rẹ má baà rí i, torí mo mọ̀ pé èyí gan-an ni yóò fi mú ọ kúrò níbẹ̀. Ó ti bá mi lórí ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ tutù. Nígbà tó yá, ó ní bí mo ṣe máa ń jókòó nìyí tí òun bá pẹ́ lóko tí ilẹ̀ sì ń ṣú, ó ní òun kò mọ̀ pé bí ojú mi ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ní kí o parí ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Láti ìgbà náà, kí oòrùn tó wọ̀ ló ti ń wọlé. N kò mọ ohun tí àwòrán náà bá a sọ, n kò sì bi í.

O ní wọ́n ń sanwó fún àwọn tó ń wá jókòó kí ẹ lè yà wọ́n. Ìjókòó lásán? Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, èmi náà á wá jókòó, n kò ní í mira.

Ọwọ́ rẹ kò ní í gbọ̀n, ojú rẹ kò ní í ṣú. Ohun tí àwọn ẹlòmíì ń wò tí wọn kò rí, wàá máa rí i.

Èmi ni, ìyá rẹ.