Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Pákó

Niú Yọ́ọ̀kì, 1894

Gotthilf, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Jámánì. Ottilie ìyàwó mi náà ń kí yín. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé dùùrù kan wá fún àtúnṣe: èyí tí pákó inú rẹ̀ là, tí Bàbá wa fi bínú lé ọ padà sílé lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Emil ọmọ mi yọ pákó náà, ó sì rí orúkọ tí ẹni tó ṣe é fi pẹ́ńsùlù kọ sẹ́yìn rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́.

“Bàbá, orúkọ yín mà rèé! Ṣebí ẹ ní àbúrò yín ló ṣe é?”

Mo ní èmi ni. Mi ò dúró kí igi gbẹ, mo sì purọ́ mọ́ ọ.

Emil fẹ́ ha á kúrò kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà rí i. Mo kọ̀. Mo gbé e kọ́ sára ògiri, lókè tábìlì iṣẹ́ rẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò látọjọ́ tí o ti lọ.

Ọmọ ìyá mi, àárò rẹ ń sọ mí. Jọ̀wọ́ kọ̀wé, kódà kó jẹ́ èébú. Ottilie ní, “Tó bá fẹ́ bú yín, kó wọkọ̀ òkun wá bú yín níbí, màá se kábéèjì dè é.”

Kí Ọlọ́run dá wa sí títí a ó fi ríra.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Leonhard